Ìpáàrà Ara àti Oògùn Inú Ìgò



Ní ọjọ́ ọjà kan ní Aklampa, ọkùnrin kan gun orí àga, ó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu. Ó ti to ìgò kéékèèké jọ sórí tábìlì. Ó ní oògùn inú ìgò yìí ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń wo àtọ̀gbẹ, ó ń wo ojú tó ń ṣú, ó ń wo ẹ̀yìn tó ń dun ni, ó sì ń sọ àgbà di ọ̀dọ́. Ìgò kan, 5,000 fránkì. Kí ló wà nínú rẹ̀? Ó ní: "Àǹtíọ́sídáǹtì ni! Àwọn òyìnbó ti ṣe ìwádìí rẹ̀!" Ó pe ọ̀rọ̀ náà tó ìgbà ogún kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ìyá kan tó ń kọ́ ìwé lọ́dọ̀ wa ní alẹ́ ra ìgò méjì. Ìyá yìí ní ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní tàńsíọ̀n. Ilé ìwòsàn ti fún un ní hóró oògùn tí ó ń lò lójoojúmọ́. Nígbà tó ra ìgò tán, ó gbé hóró náà tì. Ó ní owó òun kò ká méjèèjì. Ó wá bi mí ní kíláàsì pé: "Ọmọ mi, ìwọ tí o mọ̀wé, kí ni wọ́n ń pè ní àǹtíọ́sídáǹtì yìí?"

N kò lè dá a lóhùn. Ojú tì mí. Mo ní: "Ìyá, ẹ fún mi láyè kí n lọ wádìí." Mo lọ bá nọ́ọ̀sì, mo lọ bá olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan ní Glazoué, mo sì ka ìwé tí wọ́n yá mi. Ohun tí mo rí ni mo kọ síbí. Ẹ kà á, kí ẹ sì kà á fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà.

Ọkọ́ tó dógùn-ún

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ara ọkọ́. Bí ẹ bá gbàgbé ọkọ́ sínú òjò, kí ni ẹ máa bá lára rẹ̀? Ìpáàrà ni. Ọkọ́ ti dógùn-ún. Kí ló fà á? Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ní ohun kan nínú tí wọ́n ń pè ní ọ́síjìn. Ọ́síjìn yìí ni à ń mí sínú. Òun náà ló ń mú kí iná jó. Nígbà tí òun àti omi bá jọ bá irin pàdé, wọ́n á máa jẹ irin náà díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ mìíràn fi ń fi epo pa ọkọ́ kí wọ́n tó gbé e kọ́. Epo kì í jẹ́ kí ọ́síjìn àti omi rí irin náà jẹ.

Kì í ṣe irin nìkan o. Ẹ wo epo tó ti pẹ́ nínú ìgò tí a kò dé: òórùn rẹ̀ á yí padà, adùn rẹ̀ á lọ. Ọ́síjìn ló ṣe é. Ẹ wo iṣu tí a bó tí a gbé sílẹ̀: ojú rẹ̀ á dúdú. Ọ́síjìn náà ni.

Ní kíláàsì wa, a gé iṣu kan sí méjì. A fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ojú ọ̀kan, a fi èkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí a tó parí ẹ̀kọ́ ìṣirò, èyí tí kò ní omi ọsàn ti ń dúdú, èkejì ṣì funfun. Ẹ lè dán an wò nílé yín. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan, ó sì ní ohun kan nínú tí wọ́n ń pè ní fítámínì C. Àwọn méjèèjì ni kò jẹ́ kí ọ́síjìn tètè ba ojú iṣu jẹ́.

Ohun tó bá ń dí ọ́síjìn lọ́wọ́ bí ti fítámínì C yìí, òun ni wọ́n ń pè ní àǹtíọ́sídáǹtì. Ọ̀rọ̀ náà gùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Adènà ìpáàrà ni èmi ń pè é ní kíláàsì, bẹ́ẹ̀ náà ni n óò sì máa pè é níbí.

Iná inú ara

Ara wa náà ń lo ọ́síjìn. Oúnjẹ tí a jẹ dà bí igi ìdáná. Ara ń fi ọ́síjìn tí a mí sínú jó o ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé kí á lè ní agbára láti kọ ebè, láti ru igi, láti rìn lọ sí ọjà. Ṣùgbọ́n ṣebí ẹ̀yin ìyá mọ̀ pé igi tó ń jó kì í ṣàìta? Ẹta iná á máa fò jáde nínú àdògán, èyí tó bá bà lé aṣọ á jó o lu. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí nínú ara. Bí ara ti ń ṣiṣẹ́, àwọn nǹkan kéékèèké kan ń ta jáde bí ẹta iná. Ojú kò lè rí wọn. Wọn kì í gbé jẹ́ẹ́, ohun tí wọ́n bá bà lé ni wọ́n ń fẹ́ bà jẹ́. Èéfín sìgá sì ń fi kún wọn.

Ní 1956, ọ̀gbẹ́ni kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Denham Harman kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ẹta iná yìí ló ń sọ ènìyàn di arúgbó. Ó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tó fetí sí i kò pọ̀. (Òun fúnra rẹ̀ di ọmọ ọdún 98 kó tó kú ní 2014. Bóyá ìpáàrà gbà fún un, bóyá orí rẹ̀ ló dára, kò sí ẹni tó lè mọ̀ láti ara ènìyàn kan ṣoṣo.)

Ní 1969, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, Joe McCord àti Irwin Fridovich, rí ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù tó ń pa àwọn ẹta iná yìí. Ara ènìyàn náà ní irú rẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí pé ẹni tó ń ta ìgò kì í sọ ọ́: ara ní panápaná tirẹ̀. Òun ló ń ṣe é fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́, láìná kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ fítámínì wá gba ìlú kan. Linus Pauling, ọ̀mọ̀wé ńlá ní Amẹ́ríkà, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel lẹ́ẹ̀mejì, kọ ìwé kan ní 1970. Ó ní kí ènìyàn máa jẹ fítámínì C púpọ̀ kí ọ̀fìnkìn má baà mú un. Nígbà tó yá, ó ní ó lè ran àwọn tó ní àrùn jẹjẹrẹ lọ́wọ́ pẹ̀lú. Àwọn ènìyàn gbọ́, wọ́n sáré lọ rà á. Ṣé ẹ rí i, nígbà tí ẹni tó gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ bá sọ̀rọ̀, ta ni yóò jiyàn? Àwọn dókítà ilé ìwòsàn Mayo jiyàn. Wọ́n dán an wò lára àwọn tó ní jẹjẹrẹ, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí ní 1979, wọ́n tún sọ ọ́ ní 1985: hóró fítámínì C kò ṣe wọ́n lóore kankan ju hóró òfìfo lọ.

Hóró òfìfo? Ẹ dúró ná, ó yẹ kí n ṣàlàyé ìyẹn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà.

Bí wọ́n ṣe ń dán oògùn wò

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin òwú, ẹ mọ bí a ṣe ń dán ajílẹ̀ tuntun wò. A kì í fọ́n ọn sí gbogbo oko lẹ́ẹ̀kan náà. A ó pín ilẹ̀ kan náà sí ọ̀nà méjì. A ó gbin irúgbìn kan náà lọ́jọ́ kan náà, a ó ro ó bákan náà. A ó fi ajílẹ̀ sí apá kan, a kò ní fi sí èkejì. Lọ́jọ́ ìkórè, a ó wọn òwú apá méjèèjì. Bí a bá fi ajílẹ̀ sí gbogbo oko tí òwú sì dára, báwo ni a ṣe máa mọ̀ bóyá ajílẹ̀ ló ṣe é ni tàbí òjò?

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún oògùn. Wọ́n á kó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ, wọ́n á pín wọn sí ọ̀wọ́ méjì bí ẹni ń ta kókó, kí ó má baà jẹ́ pé àwọn alágbára nìkan ló bọ́ sí apá kan. Ọ̀wọ́ kan á gba hóró oògùn. Èkejì á gba hóró tó jọ ọ́ ní àwọ̀ àti ní ìrí, ṣùgbọ́n tí kò ní oògùn nínú. Èyí ni mo pè ní hóró òfìfo. Ẹni tó ń gbé e mì kò mọ èyí tí òun gbà. Dókítà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò náà kò mọ̀. Kí ló dé? Torí pé ẹni tó bá mọ̀ pé òun gba oògùn á máa sọ pé ara òun ti yá, àní bí kò bá tíì yá. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n á kà: àwọn mélòó ló ṣàìsàn níhìn-ín, àwọn mélòó ló ṣàìsàn lọ́hùn-ún?

Nígbà tí ọkùnrin ọjà bá ní "wọ́n ti ṣe ìwádìí rẹ̀", ohun tó yẹ kí á bi í nìyí: ṣé inú ìgò gíláàsì ni wọ́n ti ṣe é ni, tàbí lára eku, tàbí lára ènìyàn ọ̀wọ́ méjì?

Ohun tí wọ́n rí

Àwọn dókítà ti ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń jẹ ewébẹ̀ àti èso púpọ̀ kì í sábà ní jẹjẹrẹ bí àwọn tí kì í jẹ ẹ́. Nínú ewébẹ̀ àti èso wọ̀nyí, adènà ìpáàrà kan wà tó ń jẹ́ karotínì. Òun ló ń sọ epo pupa di pupa, òun ló wà nínú kárọ́ọ̀tì àti ìbẹ́pẹ pípọ́n. Wọ́n wá rò ó pé: bí a bá yọ karotínì nìkan sínú hóró, tí a fún àwọn tó ń mu sìgá, ṣé jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró kò ní dín kù? Èrò náà dára. Èmi náà ì bá rò bẹ́ẹ̀.

Ní ilẹ̀ Finland, láti 1985, wọ́n kó 29,133 ọkùnrin jọ, gbogbo wọn ń mu sìgá, wọ́n jẹ́ ọmọ 50 sí 69 ọdún. Àwọn kan gba karotínì, àwọn kan gba fítámínì E, àwọn kan gba méjèèjì, àwọn yòókù gba hóró òfìfo. Wọ́n ń gbé e mì fún ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ. Ní 1994 wọ́n sọ èsì rẹ̀ fáyé gbọ́. Jẹjẹrẹ kò dín. Ó pọ̀ sí i lára àwọn tó gba karotínì! Níbi tí 100 ènìyàn bá ti ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró láàárín àwọn tí kò gbà á, 118 ló ní in láàárín àwọn tó gbà á.

Ẹnu ya gbogbo wọn. Àwọn kan ní bóyá ó ṣèèṣì ni. Ní Amẹ́ríkà, irú ìdánwò kan náà ń lọ lọ́wọ́ lára 18,314 ènìyàn, àwọn tó ń mu sìgá tàbí tó ti mu ún rí, àti àwọn tó ti fa eruku búburú símú níbi iṣẹ́. Àwọn yẹn ń gba karotínì pẹ̀lú fítámínì A. Ní oṣù kìíní 1996, wọ́n dá a dúró kí àkókò rẹ̀ tó pé. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti fi 28 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lára àwọn tó ń gba oògùn, ikú sì ti fi 17 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Wọ́n ní kí wọ́n má gbé hóró náà mì mọ́.

Fítámínì E ńkọ́? Láti 2001, wọ́n dán an wò lára 35,533 ọkùnrin ní Amẹ́ríkà àti àwọn ìlú tó wà nítòsí rẹ̀, bóyá yóò dènà jẹjẹrẹ tó ń mú àwọn bàbá ní abẹ́ ìsàlẹ̀. Ní 2011 wọ́n ní ó fi 17 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lára àwọn tó gba fítámínì E nìkan.

Ẹ lè ní: "Òyìnbó nìyẹn, ara tiwa yàtọ̀." Ó dára. Ẹ jẹ́ kí á wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Gbogbo yín mọ àìsàn tí ẹsẹ̀ ọmọ fi ń wú, tí irun rẹ̀ ń pọ́n, tí ọmọ náà kì í sì í fẹ́ ṣeré mọ́. Kwashiorkor ni wọ́n ń pè é. Orúkọ náà wá láti èdè àwọn Gà ní ilẹ̀ Ghana, dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Cicely Williams ló gbé e wọ ìwé àwọn dókítà ní 1935. Ní 1987, Michael Golden àti ẹnìkejì rẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Jamaica sọ pé ẹta iná ara ló ń fa wíwú yẹn, torí adènà ìpáàrà kò tó lára àwọn ọmọ náà.

Wọ́n wá dán an wò ní ilẹ̀ Malawi, níbi tí àgbàdo ti jẹ́ oúnjẹ wọn bíi tiwa. Wọ́n mú 2,372 ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin. Wọ́n fún apá kan ní adènà ìpáàrà oríṣi mẹ́rin fún 20 ọ̀sẹ̀, wọ́n fún apá kejì ní òfìfo. Èsì rẹ̀ jáde ní 2005. Nínú 1,184 ọmọ tó gba oògùn, 39 ló wú. Nínú 1,188 tó gba òfìfo, 23 ló wú. Ìyàtọ̀ yẹn lè jẹ́ àkọsẹ̀bá, àwọn tó ṣe é kò ní oògùn náà ló mú ọmọ ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n ohun kan dájú: kò dáàbò bo ọmọ kankan. Nígbà tí mo ka ibi yìí, mo gbé ìwé náà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn tó ro èrò yẹn kì í ṣe ònígbájúẹ̀. Ọmọ ni wọ́n fẹ́ gbà là.

Ní 2012, àwọn onímọ̀ kan kó ìdánwò 78 jọ, èyí tí 296,707 ènìyàn wà nínú wọn. Wọ́n ní àwọn kò rí ẹ̀rí pé hóró adènà ìpáàrà ń dènà ikú, lára ẹni tó dá ṣáṣá tàbí lára aláìsàn. Karotínì àti fítámínì E tilẹ̀ jọ pé wọ́n ń fi díẹ̀ kún iye àwọn tó ń kú.

Kí ló dé?

Ìwádìí kan ní Jámánì ní 2009 ràn wá lọ́wọ́. Wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin máa ṣe eré ìdárayá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àwọn kan ń gbé fítámínì C àti E mì lójoojúmọ́, àwọn kan kò gbà á. Eré ìdárayá máa ń jẹ́ kí ara mọ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lò dáadáa. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí kò gba fítámínì. Àwọn tó gbà á kò rí èrè yẹn. Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí? Bí ènìyàn bá ń ṣiṣẹ́ agbára, ẹta iná á ta nínú ara, ẹta iná náà ló ń jí panápaná ara lójú oorun. Bí a bá da omi sí gbogbo ẹta iná, panápaná kò ní jí.

Láfikún, ara ń lo díẹ̀ nínú iná yìí láti jó àwọn kòkòrò àrùn. Ẹni tó bá pa gbogbo iná ilé rẹ̀ nítorí ẹta, kí ni yóò fi se oúnjẹ?

Ohun kejì ni pé ewébẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Ohun púpọ̀ ló jọ wà nínú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Hóró kan lè ní ohun kan ṣoṣo tó pọ̀ ju ti odidi agbọ̀n ewébẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó máa gbé odidi ìgò iyọ̀ dà sínú ọbẹ̀ nítorí pé iyọ̀ dùn lọ́bẹ̀.

Tiwa ńkọ́?

Ẹ mọ wàgàṣì, wàrà líle tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà. Ẹ mọ̀ pé èyí tó pupa lóde, awọ pupa tó wé mọ́ pòròpórò ọkà bàbà kan ni wọ́n fi pa á láró. Àwọn mìíràn ń fi í sínú ẹ̀kọ, àwọn mìíràn ń sè é mu, wọ́n ní ó ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun. Ní 2011, Polycarpe Kayodé ti yunifásítì Abomey-Calavi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí àwọn ará Nẹ́dálándì àti Ọ́stríà wà lára wọn, kọ ọ́ pé adènà ìpáàrà tó wà nínú awọ pupa yìí pọ̀ lọ́nà tí a kì í sábà rí. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á. Ohun tí à ń jó nínú oko lẹ́yìn ìkórè!

Ṣùgbọ́n inú ilé àyẹ̀wò ni wọ́n ti wọn èyí. Kò tíì sọ pé ẹni tó bá mu ún, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ á lọ. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ náà ní ìwé kan rí tó to oúnjẹ gẹ́gẹ́ bí agbára adènà ìpáàrà wọn nínú gíláàsì. Àwọn oníṣòwò ń fi ìwé náà polówó ọjà. Ní 2012, ilé iṣẹ́ náà yọ ọ́ kúrò, wọ́n ní agbára inú gíláàsì kò fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara hàn. Torí náà, ẹ máa jẹ wàgàṣì yín, ó dùn, wàrà wà nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá rọ omi pòròpórò sínú ìgò tó ní kí ẹ jáwọ́ nínú oògùn dókítà, ìyẹn yàtọ̀.

Nípa oúnjẹ, ìwádìí kò yí ohùn padà: ó dára kí á máa jẹ ewébẹ̀ àti èso lóríṣiríṣi. Tẹ̀tẹ̀, ìgbágbá, ewúro, ewé oṣè, ìbẹ́pẹ, máńgòrò, ọsàn. Èyí tó ń dùn mí jù ni ti kajú. Ní àsìkò kajú, a ó yọ kóró rẹ̀, a ó da èso náà sílẹ̀ kó jẹrà, ilẹ̀ oko á máa rùn. Fítámínì C inú èso kajú pọ̀ ju ti ọsàn lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ ẹ́, kí ẹ fún àwọn ọmọ. Bí ó bá ń fún yín lẹ́nu, ẹ fún omi rẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ. Epo pupa náà ń kọ́? Ẹ má ṣe yọ́ ọ lórí iná títí yóò fi di funfun. Pípọ́n tó sọnù yẹn, karotínì ló lọ. Ẹ dà á sínú ọbẹ̀ ní pupa rẹ̀.

Ẹ má ṣi mí gbọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ má torí ìwé yìí kọ hóró tí wọ́n ń ki sí àwọn ọmọ lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá ń lọ láti ilé dé ilé. Èyí tó ní àwọ̀ búlúù jẹ́ ti ọmọ oṣù 6 sí 11, pupa jẹ́ ti ọmọ ọdún kan títí dé ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Fítámínì A ni. Wọ́n dán òun náà wò ní ọ̀wọ́ méjì, ní àríwá Ghana, lára àwọn ọmọ tó lé ní 20,000. Èsì rẹ̀ jáde ní 1993: níbi tí 100 ọmọ bá ti kú láàárín àwọn tó gba òfìfo, 81 ló kú láàárín àwọn tó gba fítámínì A. Kí ló fa ìyàtọ̀? Àwọn ọmọ yẹn kò ní fítámínì A tó lára. Ihò kan wà, hóró náà dí i. Ọkùnrin Finland tó ń jẹun yó kò ní ihò tí karotínì yóò dí.

Bákan náà ni hóró irin tí wọ́n ń fún aboyún. Ẹ máa gbé e mì, àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ló fún yín, wọn kì í sì í gun orí àga kéde rẹ̀.

Ìyá wa ńkọ́?

Mo sọ gbogbo èyí fún ìyá wa. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní: "Ọmọ mi, o kò sọ fún mi pé ó ń pa ènìyàn. O ní kò wò ó sàn." Mo ní: "Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá. Ṣùgbọ́n hóró tí ẹ gbé tì ń ṣiṣẹ́." A jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì wọn tàńsíọ̀n rẹ̀: 18 lórí 11. Nọ́ọ̀sì kò bá a jà. Ó ní kó padà sí hóró rẹ̀, kó dín iyọ̀ àti máàgì kù nínú ọbẹ̀, kó padà wá. Lẹ́yìn oṣù kan ó di 14 lórí 9.

Ìgò kejì kò tíì ṣí. Ìyá gbé e wá sí kíláàsì, a jókòó yí i ká, gbogbo wa. Lẹ́tà ara rẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà. Èdè Faransé ni, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àfikún oúnjẹ ni, pé kì í ṣe oògùn, pé kò gbọdọ̀ dípò ìtọ́jú dókítà. Ohun tí ọkùnrin yẹn kò fi gbohùngbohùn sọ, ara ìgò sọ ọ́.

Nọ́ńbà kò nílò ìtumọ̀. Mo ní kí wọ́n wá ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé kí a má ṣe lò ó mọ́. Ìyá fúnra rẹ̀ ló rí i, ní ìdí ìgò. Ó fi ìka tọ́ nọ́ńbà oṣù, ó fi ìka tọ́ nọ́ńbà ọdún, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti kọjá oṣù mẹ́ta kí ọkùnrin náà tó wá sí ọjà wa.